Tábìlì Tí Mo Fi Ara Mi Wọ̀n

Ojo ni mí. Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Láti kékeré ni ẹ̀rù ti ń bà mí: ẹ̀rù iná, ẹ̀rù ajá, ẹ̀rù odò tí ń ṣàn lábẹ́ afárá lọ́nà Kirkissoye, ẹ̀rù kí fóònù dún ní ìdájí. Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá ṣe ìdíje ẹ̀rù ní Niamey, èmi ni n óò gbégbá orókè, ṣùgbọ́n pé ẹ̀rù kò ní jẹ́ kí n lọ gba ẹ̀bùn mi. Òun nìkan ló lè sọ irú rẹ̀ kí n má fa ìbínú yọ, nítorí bí mo ṣe jẹ́ ojo náà ni mo jẹ́ onínúfùfù.

Nítorí náà, nígbà tí mo sọ nílé pé mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó irin, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Páìpù àti ẹnu ẹ̀rọ omi, èyí tí gbogbo wa níbí ń pè ní rọ́bínẹ́, ni mò ń tà ní Yantala. Ní ọ̀ọ́kán ìsọ̀ mi ni ọkùnrin ẹ̀yà Zarma kan ti ń jó ínọ́ọ̀sì, irin funfun tí kì í dípẹtà tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò àti tábìlì ilé oúnjẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ kò jọ ti àwọn wẹ́dà tí ń ta iná káàkiri bí ẹni ń lé ẹyẹ. Tirẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀pá kékeré kan tí abẹ́rẹ́ mímú wà lẹ́nu rẹ̀ á wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ á wà lọ́wọ́ òsì, á fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì wẹ́rẹ́ bí aránṣọ, irin á sì yọ́, á di adágún kékeré tí ń dán. Gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní ágọ̀n á máa tú jáde lẹ́nu ọ̀pá náà, á bo adágún yẹn mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà kàn án. Bí afẹ́fẹ́ bá kàn án pẹ́nrẹ́n, ojú ìjó á dúdú, á sì rí gbágungbàgun bí ìdí ìkòkò tí ẹ̀wà jóná sí.

Ọjọ́ púpọ̀ ni mo fi jókòó sínú ìsọ̀ mi tí mò ń wò ó. Mo fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ iṣẹ́ náà. Mo rò pé irú iná bẹ́ẹ̀, ojo lè bá a rìn. Nígbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ mi, kì í ṣe kí n fi jẹun, kí n kàn lè máa fi ṣe nǹkan nínú ilé, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, “Suuru.” Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló sọ lọ́jọ́ náà, kò sì sí Yorùbá tó nílò kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun.

Ojoojúmọ́ ni ẹ̀rù ń bà mí níwájú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo gbàgbé láti fa àṣíborí dúdú yẹn bojú kí n tó tẹ pẹ́dàlì, ojú mi sì ń ta mí di ọjọ́ kejì bíi pé wọ́n da iyanrìn sí i. Mo rò pé mo ti fọ́jú. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, mo ń ka orúkọ àwọn ọmọ mi kí n má baà gbàgbé bí wọ́n ṣe rí. Nígbà tó sàn, mo padà lọ, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí abẹ́rẹ́ fi ń bọ́ sínú adágún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá mi á pa iná, á sọ pé, “Doucement, Bayarabe,” kí èmi Yorùbá rọra, á sì mú mi lọ́wọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ọmọdé lẹ́tà.

Lọ́jọ́ kan, ó fi ìka kan sílíńdà gáàsì náà gbọ̀ngbọ̀n. Ó ní, “Kai, Bayarabe! Iná lò ń sá fún. Iná kọ́ ni yóò pa ọ́. Le gaz, òun ni kí o bẹ̀rù.” Ó ṣàlàyé pé ágọ̀n kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹni tó bá tilẹ̀kùn mọ́ ọn nínú yàrá kékeré, ṣe ni gáàsì náà yóò jókòó sílẹ̀ bí omi inú àwo, tí yóò máa kún bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé imú onítọ̀hún, kò sì ní mọ̀. “Sai hankali,” ó ní. Kí n ṣọ́ra.

Ṣé ẹ mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kan, tí mo gbé e sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Bobiel, níbi tí a ti ń kó àlùbọ́sà sí tẹ́lẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo ṣí fèrèsé, mo tún yọ páànù kan kúrò lókè. Bí mo bá tẹ pẹ́dàlì, èmi náà á dá èémí dúró. Ìyàwó mi ní bí gáàsì kò bá pa mí, èémí tí mò ń há mọ́ àyà yóò pa mí.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo jó etí ìkòkò ìyàwó mi tó já. Mo ṣe àgbékà tí a ń da àwo dé lé kó lè gbẹ. Lẹ́yìn náà ni mo mú bútà Bàbá, ike kọ́ o, ti ínọ́ọ̀sì tó fi ń ṣe àlùwàlá láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́, mo sì jó ọwọ́ tuntun mọ́ ọn. Ó gbà mí ní ọ̀sán kan gbáko. Ojú ìjó náà jáde wúrà-wúrà, ó ní búlúù díẹ̀ létí, ó tò lẹ́sẹẹsẹ.

Bàbá mi ni alfa jámáà àwa Yorùbá lágbègbè wa. Ìlọrin ló ti wá kí wọ́n tó bí mi. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú nínú àgbàlá wa, òun náà sì ni wọ́n ń pè bí ọkùnrin kan bá kú láàárín wa, láti wá wẹ̀ ẹ́. Ó ga, ó gbẹ, ikọ́ kan sì ti bá a jókòó láti ọdún mélòó kan. Ó gba bútà náà lọ́wọ́ mi, ó di ojú, ó fi àtàǹpàkò tọ ojú ìjó náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó tún tọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

“Kò ha mí,” ó ní.

“Mo dúpẹ́, Bàbá.”

“Ṣé o lè ṣe èyí tó tóbi?”

“Tó tóbi tó kí ni, Bàbá?”

Ó fi bútà sílẹ̀, ó gba orí ẹní jókòó dáadáa. “Mo fẹ́ kí o ṣe ohun tí yóò rọ́pò pákó yẹn,” ó ní.

Nínú ilé wa, bí ẹnì kan bá ti ní “pákó yẹn,” kò sẹ́ni tí í béèrè pé èwo. Ó ń bẹ lẹ́yìn ilé kéwú, wọ́n fi ojú rẹ̀ kọ ògiri. Òun ni wọ́n ń tẹ́ òkú sí láti wẹ̀. Àwọn ọmọ kéwú tí ń gun igi, tí ń gun òrùlé, kò sí èyí tó jẹ́ fi ọwọ́ kàn án. Lórí rẹ̀ ni àwọn obìnrin ti wẹ ìyá mi. Nígbà tí wọ́n gbé ìyá mi lọ tán, mo gba ẹ̀yìn ilé kọjá, mo rí pákó náà tí omi ṣì ń kán ní etí rẹ̀, tó, tó, tó, mo sì sá wọlé. Àgbàlagbà ni mí lọ́jọ́ náà o. Irùngbọ̀n ti ń funfun lójú mi.

Bàbá na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí mi. Mo mọ ìka tó ń fi hàn mí. Ẹ̀rún igi pákó náà ló gún un níbẹ̀ nígbà tó ń wẹ ẹnì kan, ìka sì wú títí wọ́n fi là á nílé ìwòsàn. Àmọ́ kì í ṣe ti ìka ló ń sọ. Ó ní, “Bí ó bá gún èmi, ó ń gún àwọn náà. A kì í fi ìnira kan òkú, ara rẹ̀ ní ọ̀wọ̀ bí ti alààyè. Ẹni tó fọkàn tán mi pé n óò wẹ òun, pákó ń ha á lẹ́yìn. Ojú ń tì mí.”

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní n óò ṣe é.

“Ó dáa,” ó ní. Ó ti dìde. “Mú tépù wá, kí o wọ̀n mí. Èmi ni mo ga jù nínú jámáà. Èyí tó bá ti gbà mí, kò sẹ́ni tí kò ní gbà.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára bí omi tútù. Ìyá mi kì í jẹ́ kí wọ́n wọn alààyè láti àtàrí dé gìgísẹ̀. Aránṣọ lè wọn èjìká, ó lè wọn ìbàdí, ó lè wọn ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Àmọ́ bí ó bá fẹ́ fa tépù láti orí dé ilẹ̀, ìyá mi á gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ó ní ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀ nìkan ló ń wọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Bàbá kò ka ìyẹn sí, ó ní kò sí nínú tírà. Ìyá mi ni mo gbà gbọ́.

“Mo ti mọ bí ẹ ṣe ga tó, Bàbá,” mo ní. Irọ́ funfun báláú. Mo yára gbé bútà, mo jáde.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mi ò lè jẹun dáadáa. Bí Bàbá bá húkọ́, àyà mi á já. Mo rò ó pé bí mo bá ṣe tábìlì náà tán, òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ lò ó. Mo rò pé mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi kan ibùsùn ìkẹyìn fún bàbá mi, ibùsùn náà kò sì ní wà lásán kó máa wò wá. Bí mi ò bá sì ṣe é, mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo dá ọgbọ́n kan: èmi náà ṣáà jẹ́ ènìyàn. Mo wọ yàrá iṣẹ́ mi, mo dùbúlẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì, mo na ọwọ́ sókè, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan lókè orí mi, mo tẹ̀ ba, mo sì fa ìkejì nísàlẹ̀ gìgísẹ̀. Mo fò dìde. Mo ṣe Bisimilahi ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo mọ̀ pé ìyá mi ni mo jọ, pé Bàbá fi nǹkan bí ìbú ọwọ́ méjì ga jù mí lọ. Mo sọ fún ara mi pé kò tó nǹkan.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pa iṣẹ́ náà mọ́. Ògiri tó pín wa níyà ní Bobiel kò ga ju èjìká lọ, ojú àwọn ará àdúgbò sì máa ń wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ alfa ń kan tábìlì ìwẹ̀kú nígbà tí ẹnikẹ́ni kò kú, wọn á ní ó ń pe ikú wá sádùúgbò ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sì kú lóòótọ́, láti ọ̀dọ̀ arúgbó dé orí ọmọ tuntun, èmi ni wọn yóò kà á sí lọ́rùn. Mo sọ fún gbogbo ènìyàn pé ilé oúnjẹ kan ló ní kí n ṣe tábìlì fún òun. Ìyàwó mi yọjú sí i lẹ́ẹ̀kan, ó wo bí ojú rẹ̀ ṣe rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síhà kan, ó wo gọ́tà kékeré tí mò ń ṣe sísàlẹ̀ rẹ̀ kí omi lè gbà jáde.

“Ilé oúnjẹ wo ni wọ́n ti ń fi omi rẹpẹtẹ wẹ ẹran lórí tábìlì báyìí?” ó ní.

Mo jágbe mọ́ ọn pé kó lọ wo ọbẹ̀ rẹ̀. Kò bínú. Ó wò mí pẹ́, ó ní, “Bàbá àwọn ọmọ, ẹ rọra o,” ó sì lọ.

Àsìkò ọyẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ ń gbé eruku láti òwúrọ̀ dé alẹ́, bó bá sì ti fẹ́ wọ yàrá mi, yóò gbá gáàsì kúrò lórí adágún, ojú ìjó á dúdú, á gún ọwọ́. Tábìlì tí yóò máa gún ènìyàn lẹ́yìn kọ́ ni Bàbá rán mi. Mo máa ń lọ̀ ọ́, mo máa ń jó o ní àtúnjó, kò ní tún dáa. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń bínú sí mi níta, bẹ́ẹ̀ ni ojú àwọn aládùúgbò ń wọlé. Kí ni ojo ń ṣe bí ẹ̀rù bá ti ọ̀nà méjì wá? Ó ń tilẹ̀kùn ni. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo fi tapólì di fèrèsé. Mo dá páànù òkè padà. Mo ká bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan, mo fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi nípa gáàsì wá sọ́kàn mi, mi ò níí purọ́. Mo ní n óò yára.

Gọ́tà yẹn ló kù. Ó wà lábẹ́ tábìlì, tábìlì ti wúwo, mi ò lè dá a dojú dé, bí mo bá sì pe ẹnì kan wá ràn mí lọ́wọ́, àṣírí tú. Bí mo ṣe dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo fa rọ́bà ágọ̀n kejì láti ara sílíńdà sí ẹ̀yìn irin náà kí ẹ̀yìn ìjó má baà rí gbágungbàgun, mo sì jẹ́ kó máa tú láìdáwọ́ dúró. Láti àárín àgbàlá ni mo ti ń gbọ́ àwọn ọmọ kéwú tí wọ́n ń ké sílébù, ohùn Bàbá a sì máa wọ àárín tiwọn, ikọ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Mo jó àkọ́kọ́, ó dáa. Mo jó ìkejì, ó tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Mo kíyè sí i pé ọwọ́ mi kò gbọ̀n, inú mi sì dùn. Ohùn àwọn ọmọ ń jìnnà bíi pé wọ́n ti kó wọn lọ sí òdìkejì odò. Kò sí òórùn kankan. Kò sí ohun tó fún mi lọ́rùn. Gbogbo ara mi rọ̀ mí, ẹ̀rù kò sì bà mí mọ́, ẹ̀rù ohunkóhun, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Ìyẹn nìkan ti tó kí n fi mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Ohun tó tẹ̀lé e, Bàbá ló sọ ọ́ fún mi. Ó ti tú àwọn ọmọ sílẹ̀, ó wá pè mí pé kí n ṣe àlùwàlá, ìrun ọ̀sán ti wọlé. Ó kan ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ ìró ẹ̀rọ, kò gbọ́ ìró mi. Ó ní bí mo bá tilẹ̀ sọ pé “mò ń bọ̀” ni, ì bá ti lọ. Àmọ́ láti kékeré mi, kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn lójijì tí mi ò kígbe. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kejì, ó gbá a gbàà, mi ò kígbe. Ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn, bùláńkẹ́ẹ̀tì kò jẹ́ kó ṣí, ó tún tì í, ó ṣí. Ìyàwó mi sáré dé. Ó ní kí Bàbá má wọlé kí afẹ́fẹ́ tó wọlé, Bàbá kò gbọ́, ó há èémí, ó wọlé, ó gbá mi mú lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ó wọ́ mi jáde sínú oòrùn. Arúgbó tó ń húkọ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ọwọ́ rẹ̀ lórí àyà mi. Mo mọ ọwọ́ yẹn. Ó ti wẹ ènìyàn tí kò níye, wọ́n ní kì í kánjú, kì í gbọ̀n. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Ìyàwó mi ń da omi sí mi lórí, ó ń sunkún, ó ń bú mi, ó tún ń bú gáàsì. Mo fa èémí, mo húkọ́, mo pe Bàbá.

Ó gbá mi létí. Ó gbá mi létí gan-an, èmi tí mo ní ọmọ mẹ́rin.

Lẹ́yìn náà ló dìde. Ìyàwó mi ti pa gáàsì, ilẹ̀kùn àti fèrèsé ti ṣí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Tábìlì wà níbẹ̀ tó ń dán. Lábẹ́ rẹ̀, ìlà ṣọ́ọ̀kì méjèèjì ṣì wà lórí sìmẹ́ǹtì, ojú ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí ti nu eruku kúrò láàárín wọn. Ojú ibi tí orí mi wà kan ìlà kan, ti ẹsẹ̀ mi kan ìkejì. Ó wo ilẹ̀, ó wo tábìlì, ó yíjú wò mí.

“Ta lo fi wọ̀n ọ́n?” ó ní.

Mi ò lè purọ́ mọ́. “Èmi ni, Bàbá. Ẹ̀rù ń bà mí láti wọ̀n yín.”

Bàbá mi kì í jókòó láìtẹ́ ẹní. Ó jókòó sínú eruku lẹ́bàá mi. Ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọdé.

“Ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ Ọlọ́run,” ó ní. “Mo ní gbogbo ẹni tó bá mú wá síwájú mi, n óò wẹ̀ ẹ́. Ọmọ mi nìkan ni kó má fi hàn mí. Ìwọ wá lọ kan tìrẹ, o tún sùn sábẹ́ rẹ̀ dè mí.”

Mo rí omi lójú rẹ̀. Gbogbo ìgbà ni mo ti rò pé ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ kan òkú kò mọ ẹ̀rù. Mo wá rí i pé ẹ̀rù ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́, pé èmi gan-an ni ẹ̀rù náà, àti pé ibẹ̀ ni mo ti jogún tèmi. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Lọ́jọ́ kejì ọ̀gá mi wá láti Yantala. Ìyàwó mi ló pè é. Ó wo bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó wo tapólì, ó mi orí. “Mo sọ fún ọ, tàbí mi ò sọ fún ọ?” ó ní. “Bayarabe, o bẹ̀rù ohun gbogbo, àfi èyí tí mo ní kí o bẹ̀rù.” Bàbá ní kí wọ́n gbé tábìlì náà síta, sábẹ́ igi dongoyárò, lójú gbogbo ayé. Ọ̀gá mi to ẹní sẹ́kò mẹ́ta, èyí tí wọ́n fi koríko hun, yí i ká láti gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi òkè sílẹ̀ gbayawu, ó ní orí ìdúró ni n óò ti máa ṣiṣẹ́. Orí àwọn aládùúgbò ti tò sórí ògiri bí ìkòkò. Obìnrin Hausa tó wà ní ẹ̀gbẹ́ wa béèrè pé, “Malam, kí lẹ̀ ń ṣe?”

“Ibi tí wọn yóò ti wẹ̀ mí ni,” Bàbá dáhùn lóhùn rara, ní Hausa, kí gbogbo wọn lè gbọ́. Ariwo sọ. Bàbá bọ́ fìlà, ó bọ́ bàtà, ó fi ẹ̀yìn ti igi náà, ó nà ró.

“Mú tépù wá.”

Mo mú un wá. Tépù ń dún ṣéréṣéré lọ́wọ́ mi. Mo kúnlẹ̀, mo fi ìdí rẹ̀ ti gìgísẹ̀ rẹ̀, mo fà á sókè, mo kọjá orúnkún, mo kọjá àyà tí ikọ́ ń bẹ nínú rẹ̀, mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń mí. Mo bẹ ìyá mi nínú mi pé kó dárí jì mí. Nígbà tí mo dé àtàrí rẹ̀, ó rọra sọ ọ́ fún èmi nìkan pé, “Èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Èmi ni kí ó bá mu.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gé e tí mo fi fi ìbú ọwọ́ méjì kún un níhà ẹsẹ̀. Gbogbo ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ̀rù fi ń bà mí, mo sì dúpẹ́ pé ó ń bà mí. Ojú ìjó tó wà níbẹ̀ ni mo tíì jó tó dára jù. Mo lọ̀ ọ́ títí ó fi dọ́gba, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ ọ́, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tọ ọ́.

Nígbà tó parí, Bàbá wá wò ó. Oòrùn òwúrọ̀ ti ga díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti gun orí tábìlì náà, ó sì nà gbalaja lórí rẹ̀, ó pa ojú dé. Obìnrin Hausa tó yọ orí lókè ògiri ké “Kai!” Ìyàwó mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yọ síta. Ó rọra fi ẹ̀yìn yí díẹ̀ lọ sí ọ̀tún, ó yí díẹ̀ sí òsì, bí ẹni tó ń wá ibi tó dáa lórí ẹní.

“Kò ha mí,” ó ní.

Ó la ojú, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí mi pé kí n fa òun dìde. Mo dì í mú, mo fà á dìde. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná.